Máàkì la fẹ́ máa kà ni, àbí ọmọ? Ìdáhùn fún ẹni tó ń mójú tó iléèwé abúlé

Ẹnì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó máa mójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án ní apá Òkè-Ògùn ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa ní kí iléèwé kọ̀ọ̀kan kọ àfojúsùn tí wọ́n fẹ́ lé bá lọ́dún yìí sílẹ̀, kí èmi sì máa fi hàn wọ́n ní táàmù-táàmù bí àwọn ọmọ ṣe ń tẹ̀ síwájú sí. Rìsọ́ọ̀tì ìdánwò nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Iléèwé kan ní àwọn gba 68 tí wọ́n bá pín in dọ́gba, òmíì ní 54, àmọ́ nígbà tí mo dé iléèwé 68 yẹn tí mo ní kí ọmọ Púráímárì 4 kan kàwé fún mi, kò lè kà á. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Tísà ò pọ̀, nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, owó ò sì sí."

Ẹ kú iṣẹ́ náà o, àbúrò mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ní kí ọmọ yẹn kàwé sétí yín lẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún, ó kù kẹ́ ẹ ṣe é fún gbogbo ọmọ, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún padà wá gbọ́ ọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ìdáhùn mi náà nìyẹn. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ ò ju bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí ò fi ní di wàhálà, àtàwọn ibi tí nọ́ńbà ti máa ń tan èèyàn jẹ, pàápàá ní iléèwé tí ọmọ ò ti pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ 68 àti 54 yẹn ná. Tísà tó kọ́ ọmọ ló ṣe ìbéèrè, òun ló kọ ọ́ sójú pátákó, òun ló máàkì í, òun náà ló tún fún wọn ní C.A. (máàkì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín táàmù), torí náà 68 tísà kan lè má tó 40 tísà kejì, ẹ ò lè gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ ní iléèwé yìí sàn ju tọ̀hún lọ. Kódà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ṣe ìbéèrè kan náà fún gbogbo yín, A, B, C, D ló máa ń pọ̀ níbẹ̀, ọmọ tí ò mọ nǹkan kan tó kàn ń mú èyí tó bá wù ú á ṣì rí bí ìdámẹ́rin máàkì gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ kan tún wà tí ìwé kíkọ wọn rẹwà débi pé ẹ ò ní fẹ́ gbójú kúrò níbẹ̀, wọ́n á da gbogbo ojú pátákó kọ láìfi kọ́mà kan sílẹ̀, àmọ́ ẹ fi nǹkan bo pátákó yẹn kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, ó parí. Ti pọ́síṣọ̀n ló tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọmọ méjìlá ò lè kàwé, a tún wá tò wọ́n láti ìkíní dé ìkejìlá, a fún ẹni àkọ́kọ́ ní ìwé àti bírò, bàbá ẹ̀ jó relé.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Òkè-Ògùn nìkan. UNICEF ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 7 sí 14, mẹ́ta ni ò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ síléèwé o, wọ́n ń gba rìsọ́ọ̀tì ní gbogbo táàmù, wọ́n sì ń lọ sí kíláàsì tó kàn.

Àwọn tí mo rò pé wọ́n mú àyẹ̀wò yìí rọrùn jù ni àwọn ará Íńdíà kan tí wọ́n ń jẹ́ Pratham, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai. Látọdún 2005 ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n pè ní ASER, wọ́n á wọ inú abúlé lọ bá àwọn ọmọ nílé, wọ́n á gbé ìwé pélébé kan sí wọn níwájú, lẹ́tà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ kékeré kan, àti ìtàn kan tó gùn díẹ̀. Ibi tí ọmọ bá lè kà dé, ìpele rẹ̀ nìyẹn, kò sí máàkì, kò sí pọ́síṣọ̀n. Ní Nàìjíríà níbí náà wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ tí wọ́n pè ní LEARNigeria. Ẹ ò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó ṣe tiyín.

Káàdì méjì ni kẹ́ ẹ ṣe, ọ̀kan Yorùbá, ọ̀kan Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ti Yorùbá, ẹ kọ lẹ́tà bíi mẹ́wàá, kẹ́ ẹ rí i pé àwọn tó máa ń dà wọ́n láàmú wà níbẹ̀, p àti gb, e àti ẹ, s àti ṣ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá, bàtà, ilé, ẹyẹ, ọgbà, irú ẹ̀. Ìpínrọ̀ gbólóhùn mẹ́rin, lẹ́yìn náà ìtàn gbólóhùn mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ fi ìbéèrè méjì sídìí ẹ̀ láti mọ̀ bóyá ohun tó kà yé e. Ẹ má mú ìtàn tó wà nínú ìwé tí wọ́n ń kà ní kíláàsì, wọ́n ti há a sórí tipẹ́, ọmọ á máa kà á fún yín bí ẹni ń kéwì, ojú ẹ̀ ò sì sí lórí ìwé rárá.

Ẹ fọwọ́ yín kọ káàdì náà, márkà lórí kádíbọ́ọ̀dù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì lórí fọ́tòkópì títí àmì abẹ́ ọ àti ṣ fi pa rẹ́, ọmọ wò ó, ó ka "oko", tísà ní kò gbà á, torí "ọkọ̀" ló wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ òun. Ohun tó wà níwájú ọmọ yẹn ló kà o, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n kà.

Kí ló dé tí mo fi ní èdè méjì? Torí àìsàn ibẹ̀ ò jọra. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, ohùn tí lẹ́tà kan bá ní níhìn-ín náà ló ní lọ́hùn-ún, ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe b, d, l àti àwọn fáwẹ́lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ka "bàbá", "dé", "ilé" láìpẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ohùn tí lẹ́tà u ní nínú "put" kọ́ ló ní nínú "cut". Torí náà tí ọmọ bá ka Yorùbá geere tó wá há sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ti mọ ìwé kà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́, ẹ bá a sọ ọ́, ẹ kọ́ ọ lọ́rọ̀. Èyí tí ò lè ka ìkankan ló nílò lẹ́tà. Àmọ́ ẹ wo kíláàsì wa, ìwòsàn kan náà la fi ń wo gbogbo wọn, "Repeat after me!" Ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tísà Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, mínísítà ẹ̀kọ́ sì ní ní November 2025 pé àwọn ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò kan àyẹ̀wò yín. Èyíkéyìí tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn, ẹ ṣì ní láti mọ ibi tí ọmọ dúró sí nínú méjèèjì.

Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín ni Yorùbá jẹ́ èdè ilé wọn. Ọmọ Fúlàní wà níbẹ̀, ọmọ àwọn tó wá ṣe lébìrà oko láti ilẹ̀ Tífì àti Ìgèdé wà níbẹ̀, àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ èdè ilé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní olódo.

Ti ìṣirò, ohun kan náà ni, nọ́ńbà 1 sí 9, lẹ́yìn náà 10 sí 99, àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín. Àmọ́ ẹ béèrè lẹ́nu kẹ́ ẹ tún béèrè lórí ìwé. Ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ ta gààrì lọ́jà, ẹ sọ fún un pé ẹnì kan ra gààrì ₦350, ó mú ₦500 wá, kó tó mí ló ti dá yín lóhùn, ẹ wá kọ 500 − 350 sórí ìwé, ó ń wò yín. Ọmọ yẹn mọ àyọkúrò o, bí wọ́n ṣe ń tò ó lórí ìwé ni kò mọ̀, tísà tó bá mọ èyí á fi ọ̀sẹ̀ méjì parí ohun tí ẹlòmíì máa fi ọdún kan pariwo lé lórí.

Tẹ́ ẹ bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kíláàsì ọmọ 22 ò ní ju wákàtí mẹ́rin lọ, àárọ̀ méjì ti tó. Ṣùgbọ́n kí tísà má ṣe àyẹ̀wò kíláàsì tiẹ̀. Ẹ pààrọ̀ wọn, ti iléèwé yìí lọ sí tọ̀hún, kí ẹlòmíì wá síbí, owó ọ̀kadà díẹ̀ ni, ó sì tún máa ń jẹ́ kí àwọn tísà rí ohun tí ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe. Kì í ṣe pé olè ni wọ́n, àánú ọmọ ẹni ló máa ń ṣeni, tí ọmọ bá ti há sórí "ba..." báyìí, ẹnu tísà náà á ti máa là láti bá a parí ẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta lọ́dún tó. Ẹ ṣe àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn ìwọlé September, ẹ ṣe ìkejì ní ìparí January, ẹ ṣe ìkẹta ní June. Ìdí tí mo fi ní January ni kajú. Láti bíi February títí wọ April, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí, ọmọ ò sí ní kíláàsì, inú oko ni wọ́n wà tí wọ́n ń ṣa kajú, ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò ní March, àwọn tó kù ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe iléèwé.

Ó wá kan ìwé tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí. Ìwé gígùn kan fún kíláàsì kan, orúkọ ọmọ nísàlẹ̀-nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà mẹ́ta, September, January, June, nínú ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ kọ 0 fún ẹni tí ò mọ lẹ́tà, 1 fún lẹ́tà, 2 fún ọ̀rọ̀, 3 fún ìpínrọ̀, 4 fún ìtàn. Ìyẹn nìkan. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tó ní kọ́lọ́ọ̀mù méjìdínlógún rí, tísà kan fi ìrọ̀lẹ́ odindi ọ̀sẹ̀ kún un tán, kò sẹ́ni tó padà wò ó. Ìwé tó ní orúkọ, ẹ tì í sínú dúrọ́ọ̀. Iye ọmọ tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan lẹ lè lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ má lẹ orúkọ ọmọ tó gba òdo mọ́ ibi tí àbúrò ẹ̀ á ti máa kà á.

Àfojúsùn wàyí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fọ́nnu jù. "Iléèwé wa á gbé ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sókè pẹ̀lú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún." Ta ni? Ọmọ wo? Nígbà wo? Ká ní Púráímárì 4 yín ní ọmọ 22. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò ní September, méje ò mọ lẹ́tà, mẹ́fà mọ lẹ́tà, márùn-ún ń ka ọ̀rọ̀, mẹ́ta ń ka ìpínrọ̀, ẹyọ kan ló ka ìtàn. Àfojúsùn yín tó bá fi máa di January ni pé márùn-ún nínú àwọn méje yẹn á mọ lẹ́tà, mẹ́fà nínú àwọn mọ́kànlá tó ń ka lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ á gun ìpele kan sókè, ẹnì kankan ò sì ní padà sẹ́yìn. Tísà mọ àwọn méje yẹn lórúkọ, ó mọ ilé wọn, ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ibo ló fẹ́ mú un dání?

Ìdí míì tí mi ò fi fẹ́ràn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ní iléèwé abúlé ni pé ọmọ ò pọ̀. Kíláàsì tó ní ọmọ 12, ọmọ kan ṣoṣo ju 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ibà mú ọmọ méjì lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ rò pé iléèwé ti bàjẹ́, ọmọ olùkọ́ méjì kó wọlé láti Ìbàdàn, ẹ rò pé tísà yín ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Iye ọmọ ni kẹ́ ẹ máa kọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dá iléèwé kékeré lẹ́jọ́, ẹ kó ọdún mẹ́ta pọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Èyí tó wá burú jù, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn dáadáa, ni ti àwọn ọmọ tó ń lọ. Ká ní ọmọ 20 wà ní September, mẹ́jọ nínú wọn lè ka ìpínrọ̀, ìyẹn 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di June, mẹ́fà ti lọ, ọ̀kan lọ kọ́ mẹkáníìkì, àwọn òbí àwọn míì kó lọ sí oko míì, gbogbo wọn ò lè kàwé. Ó ku 14, mẹ́jọ tó ń kàwé tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń kà á. Ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, 57 nínú ọgọ́rùn-ún! Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún iléèwé yẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ò kọ́ nǹkan kan, àwọn tí ò mọ̀wé ló kàn kúrò níbẹ̀. Torí náà, ọmọ tó wà nínú àyẹ̀wò méjèèjì nìkan ni kẹ́ ẹ fi wéra, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ lọ́tọ̀ pé ọmọ báyìí ló lọ, ìpele báyìí ni wọ́n wà kí wọ́n tó lọ. Tó bá jẹ́ pé àwọn òdo ló ń lọ jù, ọ̀rọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ bá hẹ́dímásítà sọ nìyẹn, kó tó kan ti máàkì. Tí ọmọ bá sì lọ sí iléèwé míì nínú mẹ́sàn-án tiyín, kí ìwé ẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látorí A.

Rẹ́jísítà ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé máàkì àárọ̀ wà, máàkì ọ̀sán wà, àmọ́ àwọn tísà kan máa ń máàkì méjèèjì pa pọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n sinmi, ọmọ á wá jẹun ọ̀sán tán, á gba oko lọ, rẹ́jísítà á ní ó wà ní kíláàsì. Ẹ dé ibẹ̀ lójijì ní aago méjìlá ààbọ̀ kẹ́ ẹ ka orí.

Ọjọ́ ọjà tún wà níbẹ̀ tí rẹ́jísítà ò lè fi hàn yín bẹ́ ẹ bá ń kà á lásán. Ọjà tó ṣì jẹ́ ọlọ́rọọrún, tó bá bọ́ sí Monday lọ́sẹ̀ yìí, Friday ló tún máa ná, lẹ́yìn náà Tuesday, lẹ́yìn náà Saturday, lẹ́yìn náà Wednesday. Rẹ́jísítà sì jẹ́ Monday sí Friday, ẹ máa wò ó kẹ́ ẹ ní àwọn ọmọ yìí kàn ń pa kíláàsì jẹ bó ṣe wù wọ́n, kò ní létò kankan lójú yín. Ẹ mú bírò pupa, ẹ fa ìlà sórí gbogbo ọjọ́ ọjà láti September, ó máa yà yín lẹ́nu bí àwọn tí ò wá ṣe máa tò sábẹ́ ìlà pupa yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí i báyẹn, ẹ lè bá ìgbìmọ̀ SBMC (àwọn aráàlú tó ń bá iléèwé mójú tó nǹkan) àti ìyálọ́jà sọ̀rọ̀, ẹ sì lè yí táìmùtébù yín padà kí ìwé kíkà wà ní àárọ̀ kùtù, kí ọmọ tó fẹ́ sá lọ sọ́jà lọ́sàn-án ti kàwé kó tó lọ. Ó sàn ju kẹ́ ẹ máa na wọ́n lọ.

Ẹ ka ọjọ́ tí tísà ń wá náà o. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa ṣọ́ wọn bí ọlọ́pàá, àmọ́ tísà tó ń gbé ìlú tó ń gun ọ̀kadà wá lójoojúmọ́, tójò bá rọ̀ kò ní lè wá, tí owó oṣù bá pẹ́ kò ní lè wá. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí wọ́n kọ́ kíláàsì yẹn ní ti gidi sí orí ìwé ìpele náà. Kíláàsì tí wọ́n fi ọjọ́ 30 kọ́ àti èyí tí wọ́n fi ọjọ́ 55 kọ́ nínú táàmù kan náà, kò tọ́ kẹ́ ẹ bá wọn ṣe ìdájọ́ kan náà.

Lórí ìjìyà, ẹ gba ọ̀rọ̀ mi yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọ pé iléèwé tí ò bá lé àfojúsùn bá, ẹ máa gbé hẹ́dímásítà ẹ̀ kúrò, ọjọ́ yẹn ni nọ́ńbà yín ò ní ṣeé gbà gbọ́ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin No Child Left Behind tí Ààrẹ Bush fọwọ́ sí ní January 2002 ní gbogbo ọmọ pátá gbọ́dọ̀ mọ ìwé àti ìṣirò dé ìwọ̀n tí ìpínlẹ̀ wọn là sílẹ̀ tó bá fi máa di 2014, ìyà sì wà fún iléèwé tó bá kùnà. Nígbà tí wọ́n gbé ìwádìí ti ìlú Atlanta jáde ní 2011, nínú iléèwé 56 tí wọ́n yẹ̀ wò, 44 ni wọ́n ti ṣe màgòmágó, tísà àtàwọn ọ̀gá iléèwé 178 ni wọ́n dárúkọ, àwọn kan tiẹ̀ jókòó pọ̀ tí wọ́n fi rọ́bà pa ìdáhùn ọmọ rẹ́ kí wọ́n lè kọ èyí tó tọ̀nà sí i. Àtàwọn tí ò ṣe màgòmágó, ohun tí ọ̀pọ̀ iléèwé ṣe ni pé wọ́n gbájú mọ́ àwọn ọmọ tó kù díẹ̀ kí wọ́n pàásì, wọ́n pa àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tì, torí òfin ò ka ẹni tó kúrò ní òdo bọ́ sí ìdajì. Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ máa ka gbogbo ìpele tí ọmọ bá gùn nìyẹn. Ọmọ tó kúrò ní òdo dé lẹ́tà, ẹnì kan lòun náà nínú àfojúsùn yín, bó ṣe jẹ́ ẹnì kan náà ni èyí tó kúrò ní ìpínrọ̀ dé ìtàn.

Tẹ́ ẹ bá wá kó gbogbo èyí jọ tẹ́ ẹ ò fi ṣe nǹkan kan, ẹ kàn fi àsìkò yín ṣòfò ni. Ohun tí Pratham fi ń ṣe ni pé wọ́n á da ọmọ Púráímárì 3 sí 5 pọ̀ fún bíi wákàtí kan lójúmọ́, wọ́n á pín wọn bí ìpele wọn ṣe rí, wọn ò ní wo kíláàsì tàbí ọjọ́ orí. Lẹ́tà jókòó síbí, ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ìpínrọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti gbé e dé àwọn ìpínlẹ̀ kan lápá àríwá Nàìjíríà náà. Fún iléèwé abúlé tí tísà mẹ́ta ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà, ó tiẹ̀ rọrùn ju ti ìgboro lọ, ẹ ti ń da kíláàsì pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa dà á pọ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n ni. Tísà tó dáa jù ni kẹ́ ẹ fún ní àwọn òdo o, ẹ má fún wọn ní kọ́pà tó dé lánàá. Tó bá di ìparí oṣù, kí àwọn tísà jókòó fún wákàtí kan pẹ̀lú ìwé yẹn níwájú wọn, ta ló ti gun òkè, ta ni kò kúrò lójú kan, kí la fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò kúrò lójú kan.

Fóònù ò burú, ẹ lè ya ìwé náà ní fọ́tò kó má bàa jóná tàbí kí eku jẹ ẹ́, ẹni tó bá mọ Excel lè tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀ nígbà tó bá dé ìlú tí nẹ́tíwọọ̀kì wà. Kìkì pé kẹ́ ẹ má jù ú sórí WhatsApp gúrúùpù tí gbogbo abúlé wà, òfin ààbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, kò sì sí bàbá tó fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ọmọ òun ránṣẹ́ káàkiri pé kò mọ lẹ́tà. Àwọn òbí ò tiẹ̀ nílò nọ́ńbà kankan. Lọ́jọ́ ìpàdé PTA, ẹ pe òbí kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọmọ ẹ̀ kàwé fún un nínú káàdì Yorùbá, òbí tí ò kàwé rí náà á mọ̀ bóyá ọmọ òun ń kà á tàbí ó ń kólòlò.

Ti ọ́fíìsì, wọ́n á ṣì béèrè ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ yín torí òun ni SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀, náà ń béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ bá wọn kọ ọ́, ẹ má bá wọn jà. Àmọ́ ẹ kọ ojú ìwé kan sí iwájú ẹ̀ fún iléèwé kọ̀ọ̀kan: iye ọmọ tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan ní September, ibi tí àwọn ọmọ yẹn kan náà wà báyìí, iye tó ti lọ àti ìpele tí wọ́n wà kí wọ́n tó lọ, iye ọjọ́ tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ẹ má gbìyànjú gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi iléèwé 68 yẹn àti èyí tó jìnnà jù bẹ̀rẹ̀ ní táàmù àkọ́kọ́, Púráímárì 3 sí 5 nìkan, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí káàdì yín ti le jù tàbí rọ̀ jù kẹ́ ẹ tó gbé e dé àwọn méje tó kù.